Ohun Tí Àgbàrá Kọ́ Mi Lóko Bàbá Mi

Òkúta wẹẹrẹ ló kọ́kọ́ là mí lójú. Òjò kan rọ̀ mọ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2018, òjò tó le, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba oko lọ láti wo àgbàdo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Bí mo ṣe lóṣòó sáàárín poro, mo rí i pé gbogbo òkúta kéékèèké tó wà lójú ilẹ̀ ló dúró lórí òpó erùpẹ̀ tín-ín-rín, bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà fún ọ̀pá. Ibi tí òkúta bò kò lọ. Ibi tí òkúta ò bò ti bá omi lọ. Mo fi ìka wọn ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì oríkèé ìka mi. Òjò kan ṣoṣo ló ṣe ìyẹn. Títí di ọjọ́ náà, ohun tí mò ń sọ káàkiri ni pé ilẹ̀ wa ti ṣá, pé fàtiláísà ló kù tí n ó máa fi gbé e dúró. Àṣé ilẹ̀ náà ń lọ ni.

Ìbàràpá ni oko wa wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ àpáta kan. Ẹni tó bá ti rìn láti Ẹ̀rúwà dé Tápà, kó tún kọjá sí Ìgangan, á mọ irú ilẹ̀ tí mò ń wí: àpáta ńláńlá tó yọrí láàárín pápá, oko sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀ wá sórí oko ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń dé pẹ̀lú agbára. Ilẹ̀ tiwa fúnra rẹ̀ jẹ́ yanrìn lókè, amọ̀ àti òkúta wẹẹrẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ilẹ̀ dúdú tó ń bọ́ irè kò ju ibi tí ọkọ́ lè wọ̀ lọ. Bí ìyẹn bá ti ṣí, òkúta ló kù tí o máa gbin ẹ̀gẹ́ sí.

Bàbá mi dáko níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, àgbàrá ò sì gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń kọ ebè, ebè róbótó róbótó tí kò tò tẹ̀lé ara wọn, tó fi jẹ́ pé omi ò rí ọ̀nà tààrà gbà. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kó tó tó oṣù kan ààbọ̀, ewé ẹ̀gúsí á ti tẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ bí ẹní. Mo máa ń rò pé nítorí owó ẹ̀gúsí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n kú ni mo tó mọ iṣẹ́ tí ewé yẹn ń ṣe: kì í jẹ́ kí òjò fọwọ́ kan ilẹ̀. Tó bá sì di ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọ́n á fi apá kan oko sílẹ̀ kó tún di igbó.

Èmi ò ní sùúrù yẹn. Nígbà tí oko bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo háyà katakata. Ọmọkùnrin tó wà á sọ fún mi pé òun máa tu ilẹ̀ náà láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé tí òun bá gba ìbú rẹ̀, katakata lè dà, epo sì máa pọ̀ jù. Mo ní kó máa ṣe é lọ. Ó kọ ebè fún mi ní òòró, ó tọ́ gbọnrangandan láti ẹsẹ̀ àpáta dé etí akùrọ̀, ó dùn ún wò. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gẹ́ nìkan ni mo gbìn, kò sí ẹ̀gúsí, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó ń tu oko lè ráyè rìn. Ẹ̀gẹ́ kì í sì tètè bo ilẹ̀. Ó lè gbà á tó oṣù mẹ́ta kí ewé rẹ̀ tó fọwọ́ kan ara wọn, oṣù mẹ́ta yẹn gan-an sì ni òjò ń le jù. Gbogbo poro tó wà láàárín ebè mi di gọ́tà. Mo fi owó ara mi la ọgọ́rùn-ún ọ̀nà fún omi, ó sì gbà wọ́n.

Àgbàrá wá gbẹ́ kòtò kan sí oko náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tí àwọn màlúù ń gbà lọ mu omi, níbi tí poro bíi mẹ́wàá ti pàdé. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó mù mí dé orúnkún. Lọ́dún kejì ó ti dé ìbàdí. Lọ́dún kẹta, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá wọ inú rẹ̀, o ò ní rí orí rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀bá rẹ̀ a máa já wálẹ̀ lóru, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa dé oko láàárọ̀ tí ẹ̀gẹ́ tó ti ta dáadáa á ti dorí kodò sínú ọ̀gbun, gbòǹgbò rẹ̀ á máa wo ojú ọ̀run.

Mo bá kòtò yẹn jà. Mo rọ yanrìn sínú àpò ṣìmẹ́ǹtì, mo tò ó sí ẹnu rẹ̀. Mo kó táyà ògbólógbòó sí i. Mo ní kí wọ́n máa da pàǹtírí ilé sínú rẹ̀. Òjò méjì péré ló kó gbogbo rẹ̀ lọ, a sì rí táyà kan nínú odò ní ibi tó jìnnà sí oko. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé bí o bá fi nǹkan dí àárín kòtò gbọingbọin, omi á gba ẹ̀gbẹ́, á sì jẹ ẹ̀gbẹ́ náà, kòtò á wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Èmi onílé ò gbà fún un lóòótọ́, àmọ́ ibi tí mo dúró sí bá a jà ni kò dáa.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e. Nígbà tí àpò yanrìn ò ṣiṣẹ́, mo san owó fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin, wọ́n la kòtò tuntun fún mi ní ẹ̀gbẹ́ oko láti fi darí omi síbòmíràn. Mi ò bi ara mi pé ibòmíràn wo. Màmá kan wà ní akùrọ̀ ìsàlẹ̀, ìyá arúgbó tó ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀fọ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Òjò tó tẹ̀lé e gbé yanrìn oko mi lọ bo gbogbo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ wọn mọ́lẹ̀. Yanrìn funfun, ó jìn tó ọwọ́. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn dúró sí etí akùrọ̀ náà, wọ́n mú ewédú kan tó ti ya lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ọmọ mi, omi tí o lé kúrò lóko rẹ, ta lo lé e fún?” Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo bá wọn kó yanrìn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì dí kòtò tí mo là pa. Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló tọ́ mi sọ́nà. Ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn ní yunifásítì, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Mo mú un lọ wo ọ̀gbun náà. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kúnlẹ̀, tó ní, “Dádì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi kòtò yìí sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká gun òkè lọ wo ibi tí omi ti ń wá.” Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá àgbàrá yìí jà, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ mi tọ ipa omi dé òkè rí, àfi ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a dé òkè, omi tó sọ ara rẹ̀ di ẹkùn nísàlẹ̀ kàn jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó tẹ́ sórí ilẹ̀, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Níbẹ̀ ló yẹ ká ti mú un.

Ó ní ká gún irin mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́fà lóko, ká fi ọ̀dà pupa kun ibi tí ilẹ̀ dé lára rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún náà parí, irin mẹ́rin nínú mẹ́fà ló ti yọ ní ohun tó tó sẹ̀ǹtímítà 1 sókè ọ̀dà pupa, méjì yòókù tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ìyẹn ò pọ̀. Ó mú bírò, ó ṣírò rẹ̀ fún mi: sẹ̀ǹtímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ kúbìkì mítà 100. Típà kékeré tó ń gbé yanrìn kúbìkì mítà 5 máa wá nígbà 20 kó tó kó o tán. Mo jókòó. Tí ẹnì kan bá gbé típà 20 wá sóko mi lóru wá kó ilẹ̀ mi, mo máa pe gbogbo abúlé jáde. Omi ń kó o lọ́dọọdún, èmi sì ń ra fàtiláísà.

Ó ní ká kọ ebè gba ìbú òkè, lórí ìlà tí kò gòkè tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, kí omi má baà rí ọ̀nà sáré. Ohun tí a fi wá ìlà ìbú òkè yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Igi méjì tó gùn tó mítà 2, a so orí wọn pọ̀, a la ẹsẹ̀ wọn, a fi igi kẹta dábùú àárín wọn. A so okùn mọ́ orí rẹ̀, a so òkúta mọ́ ìdí okùn náà kó lè máa fì. A gbé e sórí èèkàn méjì, a sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. A yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ òsì wà, a tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ibi tí okùn gbọ́dọ̀ dúró sí tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun náà rìn kọjá oko bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gígùn méjì rìn, a ń yí ẹsẹ̀ kan títí okùn á fi bọ́ sí àmì, a ó gún èèkàn, a ó tún ṣí ẹsẹ̀ kejì. Àárọ̀ kùtù ló dáa láti ṣe é, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta náà kiri. Nígbà tí a wẹ̀yìn wò, ìlà èèkàn náà ń yí lọ bí ejò lára òkè. Kò tọ́ bí ti katakata. Mo sọ fún ọmọ náà pé ó ti wọ́. Ó ní, “Dádì, bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn.”

A kọ ebè tẹ̀lé èèkàn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí mo mọ àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ní irọ́ ni. Ibì kan wà ní àárín ebè kẹta tí ẹni tó kọ ọ́ ti rẹ̀, kò rọ erùpẹ̀ tó, ó fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan rẹlẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Omi tó dá dúró sínú poro rí ibẹ̀. Gbogbo poro náà dà gba ojú kan ṣoṣo, ó já sórí ebè kẹrin, ìyẹn náà já, títí dé ìsàlẹ̀. Ebè ìbú tó ní ibi tó rẹlẹ̀ lè burú ju ebè òòró lọ, torí ó ń kó omi jọ kó tó tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, a máa ń fi erùpẹ̀ dí inú poro ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin síra, kí omi má lè sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á dá omi tirẹ̀ mu. Àwa méjì la sì máa ń tẹ̀lé ẹni tó ń kọ ebè, ọ̀kan ń wo ibi tó rẹlẹ̀, èkejì ń rọ erùpẹ̀ sí i.

Ní ìdí àpáta gan-an, ebè nìkan ò lè gba omi tó ń bọ́ látòkè. A gbẹ́ ojú omi kan dábùú níbẹ̀, a da erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, a jẹ́ kó fi díẹ̀díẹ̀ dà sí apá kan, ó wá já sínú ọ̀nà omi tí a gbin koríko sí, tí a to òkúta sí láwọn ibi tó ti ga. Kí n tó gbẹ́ ojú omi yìí, mo kọ́kọ́ lọ mú Màmá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ láti akùrọ̀, a jọ rin ọ̀nà tí omi náà máa gbà dé odò. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí ibì kan, wọ́n ní tó bá gba ibẹ̀, á kan kànga àwọn. A yí i padà.

Koríko la gbìn sórí ìlà èèkàn, ìlà kan ní ìṣísẹ̀ bíi ogún síra. Koríko vetiver la lò jù. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í tàn ká, ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà, ó lè wọlẹ̀ tó mítà 3. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, ìka mẹ́rin sí márùn-ún láàárín ìdí kan àti èkejì. Ibi tó bá ti dá àlàfo ni omi ń gbà. Mo gbin tèmi ní oṣù kẹwàá lọ́dún àkọ́kọ́, òjò àrọ̀kúrò dáwọ́ dúró lé e lórí, ìdajì rẹ̀ kú. Oṣù karùn-ún ló yẹ kí ènìyàn gbìn ín. Àwọn ìyá ilé wa ní kí a fi koríko ọba kún un ní ìlà kan, nítorí ìyẹn ṣeé tà, ó sì ṣeé sè mu. Kò wọlẹ̀ tó vetiver, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn obìnrin máa bá wa tọ́jú ìlà yòókù. A gbin àgúnmánìyè náà sí i. A ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fi ti iṣu, ewé rẹ̀ sì ń padà sórí ilẹ̀.

Iná ló ṣòro jù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ti mọ́ wa lára láti sun oko kó lè mọ́ tónítóní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé nílé wa níbí gan-an, ní Ìbàdàn, ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ni Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ọmọ Íńdíà, ti ṣiṣẹ́ láti 1970 títí di 1987, tó ń wọn omi àti ilẹ̀ tó ń lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó sì rí i pé pòròpórò àti ewé gbígbẹ tí a fi sílẹ̀ bo ilẹ̀ ń dá àgbàrá dúró ju bí àgbẹ̀ ṣe lè rò lọ. Iṣẹ́ tó ṣe nípa ilẹ̀ ló gba ẹ̀bùn World Food Prize fún un ní 2020. Inú mi bà jẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìbàdàn ò jìnnà sí wa. Ìmọ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ oko, kò kàn rin ọ̀nà Ẹ̀rúwà dé ọ̀dọ̀ wa ni.

A ò sun oko mọ́. Pòròpórò àgbàdo la ń tẹ́ sáàárín poro, mo sì dá ẹ̀gúsí bàbá mi padà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ báyìí, mo máa ń dúró sábẹ́ ahéré kí n máa wò ó. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, òjò á máa lù ú bí ẹni ń lu ìlù, ẹrẹ̀ á ta sára igi ẹ̀gẹ́ dé orúnkún, lẹ́yìn náà ojú ilẹ̀ á dì pa, omi ò ní lè wọlé mọ́. Ibi tí pòròpórò bá wà, ariwo òjò yàtọ̀, ó rọ̀, omi ń rì ni.

Nígbà yẹn la tó padà sí ọ̀gbun. A fi igi àti òkúta dí i ní ibi méje, kò ga ju orúnkún lọ, a sì ri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú ògiri kòtò. Àárín rẹ̀ la jẹ́ kó rẹlẹ̀ kí omi lè gba orí rẹ̀ kọjá, kó má baà wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ìdí ti òkè gbọ́dọ̀ bá orí ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. A tún fi igi olókùn yẹn wọ̀n ọ́n. Nítorí omi tó ń dé ibẹ̀ ti dínkù, wọn ò já. Ẹrẹ̀ ti kún ẹ̀yìn mẹ́rin nínú wọn, mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i.

Gbogbo èyí ì bá má ṣeé ṣe láìsí àáró. Ènìyàn kan ò lè kọ ebè ìbú lórí hẹ́kítà 2 kí òjò tó dé. A jẹ́ mẹ́jọ, a ń lọ láti oko ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe fún ìkórè la gbé wá fún omi. Àwọn darandaran tí màlúù wọn ń gba ojú kòtò kọjá, a pe àgbà wọn, a bá wọn jókòó, a fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n tó gba orí òkúta. Wọ́n gbà. Kọ́ńgílá tó ṣe ọ̀nà abúlé wa ni a ò rí bá sọ̀rọ̀: ó darí gbogbo omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sínú oko àwọn méjì nínú wa, ó gba owó, ó lọ. A ṣì ń kọ lẹ́tà.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbọ́ ìròyìn omíyalé lórí rédíò, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará etí odò ni. Ní 2022, ó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, mo ní áà, ó ṣe, mo tún yí rédíò síbòmíràn. Ṣùgbọ́n omi Ìbàràpá náà ń lọ síbì kan. Ó ń wọ odò Ọ̀fìkì, odò Ọyán àti odò Ògùn lọ sí apá Abẹ́òkúta, níbi tí dáàmù Ọyán ti wà láti 1983. Tí dáàmù bá kún, wọ́n á ṣí omi sílẹ̀, àwọn tó ń gbé, tó sì ń dáko létí odò Ògùn títí dé Ìṣẹrì ló ń fojú winá rẹ̀. Típà 20 tó ń kúrò lóko mi lọ́dọọdún, ibì kan ló ń gúnlẹ̀ sí. Màmá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, irin tí mo gún mọ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yọ mọ́. Méjì tilẹ̀ ti rì, erùpẹ̀ ti bo ọ̀dà pupa wọn nítorí koríko tó ń gba ẹrẹ̀ dúró níwájú wọn. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún lókè, ilẹ̀ ẹbí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi háyà fún àgbẹ̀ ọlọ́dún kan. Ẹni tó gbà á lọ́dún yìí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ koríko, ó ní kí òun tó jẹ èrè rẹ̀, wọ́n á ti gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ló sọ. Mo lọ bá olórí ẹbí náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé obì dání. Nígbà kẹta ni wọ́n tó ní àwọn máa fún un ní ọdún márùn-ún, bí ó bá lè kọ ebè ìbú. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe àáró lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti gé igi mẹ́ta, mo ti pààrọ̀ okùn tó já, èèkàn ọgọ́rin ló wà ní ẹ̀yìn ilé tí àwọn ọmọ ń gbẹ́ ẹnu rẹ̀.